Ọkọ̀ Òkun àti Ọ̀nà Ọ̀run

Ẹni tí ó bá ń ka ewì tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wá yóò ti rí i pé ọkọ̀ òkun ti pọ̀ jù nínú wọn. Bàbá kú, akéwì ní ó ti wọ ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ kú, akéwì ní ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣí ní èbúté. Olùkọ́ kú, akéwì ní ìgbì ti gbé e lọ sí òdìkejì òkun. Kì í ṣe inú ewì nìkan ni a ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé. Nínú ìwé ìsìnkú tí a ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú, a máa ń kà á pé olóògbé ti gúnlẹ̀ sí èbúté ògo. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń sọ ọ̀rọ̀ yìí nípa wọn kò wọ ọkọ̀ òkun rí ní ọjọ́ ayé wọn. Àgbẹ̀ ni ẹlòmíràn, oníṣòwò obì ni ẹlòmíràn, omi tí ó sì tóbi jù lọ tí wọ́n fojú rí kò ju odò Ògùn tàbí odò Ọ̀ṣun lọ.

Bí a bá ka irú ewì bẹ́ẹ̀ sí etí ìyá àgbà kan ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkìrun, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé: "Ọkọ̀ wo ni? Ta ni ó ń tù ú? Ǹjẹ́ ọkọ̀ náà yóò sì padà?" Ẹnì kan lè fi ìyá náà rẹ́rìn-ín, kí ó ní kò mọ ohun tí à ń pè ní àfiwé. Èmi kò ní bá a rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, ìbéèrè mẹ́ta yìí gan-an ni ó yẹ kí a máa fi yẹ irú ewì bẹ́ẹ̀ wò. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín ni kí n gbé ìbéèrè ìyá àgbà náà lọ bá àwọn akéwì tí a ti kọ́ àfiwé yìí lọ́wọ́ wọn, kí n sì wá béèrè bóyá àwa náà ní ọkọ̀ tiwa.

Kí a tó dé etí òkun, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nílé. Yorùbá kì í fẹ́ pe ikú ní orúkọ rẹ̀ gan-an bí ó bá kan ẹni ọ̀wọ̀. Ọba a máa wàjà. Àgbàlagbà a máa papò dà, a máa tẹ́rí gbaṣọ, a máa sùn. Bí ó bá wá di pé a fi ikú wé ìrìn-àjò, ilẹ̀ ni òkú ń tẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń rìn. Òwe tí gbogbo wa mọ̀ ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹni tí ó kú ti nájà tán, ó palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́, ó mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Nínú orin arò, a máa ń gba òkú níyànjú lórí ohun tí yóò jẹ àti ohun tí kò gbọdọ̀ jẹ níbi tí ó ń lọ, bí ìgbà tí ìyá ń kìlọ̀ fún ọmọ tí ó fẹ́ lọ kí ẹbí ní ìlú mìíràn. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa sun ìrèmọ̀jé fún un, inú igbó tí ó ti ń ṣọdẹ ni ohùn wọn sì máa ń sìn ín gbà kọjá.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, orí ilẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Èmi kò sọ pé kò sí Yorùbá tí ó mọ òkun. Lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ, omi ni ọ̀nà, omi ni oko, omi ni ọjà. Àwọn ará Èkó náà kò sì ṣàìmọ ọkọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ó gbilẹ̀ jù nínú ewì ọ̀fọ̀ wa, àǹfààní ńlá kan sì wà lára rẹ̀: ọ̀nà tí ènìyàn bá fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ó lè fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ ọmọ ní Babátúndé, Yétúndé àti Ìyábọ̀. Nítorí náà ni egúngún ṣe ń jáde, tí a sì ń pè é ní ará ọ̀run. Òkú Yorùbá kì í lọ láìbojúwẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Erékùṣù ni ilẹ̀ wọn. Láyé ìgbà tí kò tíì sí ọkọ̀ òfuurufú, kò sí bí ọmọ wọn ṣe lè lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kí ó má wọ ọkọ̀ ojú omi, etí òkun ni àwọn ará ilé sì ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé èbúté ni ọkàn akéwì wọn máa ń sáré lọ nígbà tí ó bá ń ronú nípa ìpínyà. Alfred Tennyson, tí wọ́n bí ní 1809 tí ó sì kú ní 1892, ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, nítorí mo gbà pé ewì rẹ̀ tí ń jẹ́ "Crossing the Bar" ni baba fún púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí àwa ń gbé wọ inú ewì wa.

Ṣùgbọ́n a kò lè lóye ewì ọdún 1889 yìí dáadáa bí a kò bá padà sí 1833. Ní September ọdún náà ni ọ̀rẹ́ Tennyson, Arthur Hallam, kú lójijì ní ìlú Vienna. Ọmọ ọdún 22 péré ni, àfẹ́sọ́nà àbúrò Tennyson sì ni pẹ̀lú. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọ ọkọ̀ ní Trieste, ọkọ̀ náà sì la òkun kọjá títí ó fi dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní January 1834 ni wọ́n sin ín sí Clevedon. Láti ìgbà náà ni Tennyson ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ewì ọ̀fọ̀ tí ó wá tẹ̀ jáde ní 1850 ní orúkọ "In Memoriam". Apá kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ náà gan-an ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó rọra, ó ń bẹ afẹ́fẹ́ kí ó má jà, ó ń fi ọkàn bá a rìn tọ̀sán-tòru. Níbì kan ó rò ó pé bí òun bá lọ sí èbúté, tí òun rí àwọn èrò tí ń sọ̀ kalẹ̀, tí ọ̀rẹ́ òun sì wà láàrin wọn tí ó ń na ọwọ́ láti kí òun, kò ní ya òun lẹ́nu rárá.

Ẹ kíyè sí i pé kò tíì sí àfiwé kankan níbẹ̀. Ọkọ̀ gidi ni, òkú gidi ni ó gbé, ẹni tí ó sì ń sọ̀rọ̀ ni ẹni tí ó dúró ní etí omi. Láàrin àkókò yìí kan náà ni Tennyson bẹ̀rẹ̀ ewì "Morte d'Arthur", tí ó tẹ̀ jáde ní 1842. Nínú rẹ̀, ọba Arthur tí ó ti gbọgbẹ́ wọ inú ọkọ̀ kan tí àwọn ayaba mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ náà sì gbé e lọ sí erékùṣù tí ojú ènìyàn kò tó. Ìjòyè rẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù dúró ní etí omi, ó ń wò títí ọkọ̀ náà fi kéré, tí ó fi pòórá lójú rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ìrora ẹni tí ó dúró ní èbúté ni ó mú ewì náà wúwo. Akéwì kò mọ ibi tí ọkọ̀ lọ, kò sì ṣe bí ẹni pé ó mọ̀.

Nǹkan bí ọdún 56 lẹ́yìn ikú Hallam, Tennyson fúnra rẹ̀ ti di ẹni ọgọ́rin ọdún. Àìsàn ti ṣe é, ó ti gbádùn díẹ̀. Ní October 1889, bí ó ti ń sọdá omi tóóró tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti erékùṣù Wight tí ilé rẹ̀ wà, ewì kúkúrú kan sọ sí i lọ́kàn, ìlà 16 péré. Ó pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé òun ni kí wọ́n máa fi parí gbogbo ìwé tí wọ́n bá tẹ ewì òun sí. Orúkọ ọmọ náà ni Hallam. Ọ̀rẹ́ tí ó kú ní 1833 ni ó fi sọ ọ́. Yorùbá kò nílò kí a ṣàlàyé irú ìsọmọlórúkọ bẹ́ẹ̀ fún òun.

Kí ni "bar" tí akéwì fẹ́ kọjá? Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Èkó kò ní ṣòro fún láti mọ̀ ọ́n. Òkìtì iyanrìn abẹ́ omi ni, tí ó dábùú ẹnu ọ̀nà láti inú ọ̀sà bọ́ sí òkun. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ní Èkó ni ó fún etíkun tí à ń pè ní Bar Beach ní orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó fi òkúta ṣe odi sínú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ọkọ̀ ńlá kò lè wọ Èkó. Ìta ni yóò dúró sí, wọ́n a sì fi àga onípákó tí a so mọ́ okùn sọ àwọn èrò kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé wọn la ìgbì kọjá. Ẹrù ṣòfò níbẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Nígbà tí omi bá fà, ìgbì a máa fọ́ lórí iyanrìn náà, a sì máa bú ramúramù. Nígbà tí omi bá kún dáadáa, ọkọ̀ lè rékọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ariwo.

Nítorí náà, ohun tí Tennyson ń tọrọ yé ni. Ó ń tọrọ pé kí ìgbà tí òun yóò jáde jẹ́ ìgbà tí omi kún, kí ó má sí bíbú omi, kí ó má sí ìjàkadì ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀. Ó ní omi tí ó ti ibú wá ń padà sí ilé rẹ̀. Níhìn-ín ni akéwì Gẹ̀ẹ́sì àti òwe wa ti pàdé láìmọra: òun náà gbà pé ọ̀run nilé. Ó tún bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bara jẹ́ nígbà tí òun bá wọ ọkọ̀. Ìrètí rẹ̀ ni pé bí òun bá ti kọjá iyanrìn náà tán, òun yóò rí Atọ́kọ̀ òun ní ojúkojú.

Lórí Atọ́kọ̀ yìí ni àwọn kan ti bá akéwì jà. Atọ́kọ̀ ni ẹni tí ó mọ ẹnu ọ̀nà èbúté, tí ọkọ̀ ńlá máa ń gbà sínú kí ó lè tọ́ ọ kọjá ibi eléwu. Bí ọkọ̀ bá ti dé ojú agbami, atọ́kọ̀ a sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, a padà sílé. Wọ́n wá ní: báwo ni èrò ọkọ̀ yóò ṣe rí atọ́kọ̀ lẹ́yìn tí ó ti kọjá iyanrìn, nígbà tí ó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni atọ́kọ̀ ń sọ̀? Ìdáhùn Tennyson ni pé Atọ́kọ̀ náà ti wà nínú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òkùnkùn ni kò jẹ́ kí òun rí i. Àwọn mìíràn ní àwáwí ni èyí. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó bá rántí 1833 yóò rí i pé àìrí ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Nígbà èwe rẹ̀, ó dúró ní etí omi, kò rí ọkọ̀ tí ó gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ̀. Nígbà ogbó rẹ̀, ó wà nínú ọkọ̀, kò rí ẹni tí ó ń tọ́ ọ. Ojú kan náà ni ó ń wá nínú òkùnkùn kan náà. Bí àfiwé náà tilẹ̀ kù díẹ̀ káàtó ní ti iṣẹ́ ọkọ̀, kò kù ní ti ọkàn ẹni tí ó kọ ọ́.

Níbí yìí ni ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù lọ fún wa wà. "Crossing the Bar" jẹ́ ewì òkú àgbà. Ẹni ọgọ́rin ọdún tí ó rí ọmọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ yọrí, tí ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ni ó lè sọ pé kí a má sunkún. Lọ́dọ̀ wa náà, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, ìnáwó ni, ìlù a dún, ọmọ a jó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ọdún 22 kú, Tennyson tí à ń wí yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má sunkún. Nǹkan bí ọdún 17 kọjá láàrin ikú náà àti ọjọ́ tí ìwé ọ̀fọ̀ rẹ̀ jáde. Ọkọ̀ méjì ni ó ní: ọ̀kan fún òkú ọ̀fọ̀, ọ̀kan fún òkú àgbà, kò sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Kí ni àwa ń ṣe? Akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa kan kú ní ọmọ ogún ọdún, ìyá rẹ̀ ń yí nílẹ̀, a wá kọ ewì pé ọkọ̀ rẹ̀ ti rọra kọjá nígbà tí oòrùn wọ̀, pé gbogbo nǹkan dákẹ́ rọ́rọ́. Oòrùn wo ni ó wọ̀? Ọ̀sán gangan ni ó kú. Ọkọ̀ àgbàlagbà ni a gbé ọmọdé wọ̀, nítorí pé ọkọ̀ náà lẹ́wà.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ọkọ̀ tí ó wà nínú ewì ọ̀fọ̀ ni ó dúró fún ikú. Nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Abraham Lincoln ní April 1865, Walt Whitman ti Amẹ́ríkà kọ "O Captain! My Captain!" Nínú ewì náà, orílẹ̀-èdè ni ọkọ̀, ogun abẹ́lé ni ìrìn-àjò, ọkọ̀ sì ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ nìkan ni ó kú sórí pákó ọkọ̀ nígbà tí èrò ń hó yèè ní èbúté. Ẹni tí ó bá kà á pé Lincoln wọ ọkọ̀ lọ sí ọ̀run ti ṣi ewì náà kà pátápátá. Ìbéèrè ìyá àgbà ni ìbá gbà á lọ́wọ́ àṣìṣe: ta ni ó ń tu ọkọ̀?

Ewì mìíràn wà tí ó sún mọ́ wa ju ti Tennyson lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò ronú kàn wá. Ìyẹn ni "The Ship of Death" tí D. H. Lawrence kọ ní 1929, nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní April 1927 ó ti lọ wo àwọn ibojì àwọn ará Etruria ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì gbọ́ nípa ọkọ̀ kékeré onídẹ tí wọ́n máa ń gbé sínú ibojì pẹ̀lú òkú. Ó kú ní March 1930, ní ọmọ ọdún 44. Ìwé tí ewì náà wà nínú rẹ̀ jáde ní 1932. Nínú ewì yìí kò sí atọ́kọ̀. Olúkúlùkù ni yóò kan ọkọ̀ tirẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ọkọ̀ kékeré ni, yóò sì kó oúnjẹ, ìkòkò àti aṣọ sínú rẹ̀. Kò sí èbúté tí ó ń lọ. Òkùnkùn bo gbogbo rẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni pé ọkọ̀ náà ti rì. Lẹ́yìn èyí ni ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín yọ, tí ọkàn sì padà wọ inú ara.

Ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí oúnjẹ, ìkòkò àti aṣọ ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú? Bí àgbà bá kú nílẹ̀ wa, ọmọ a mú aṣọ wá, àna a mú aṣọ wá, wọ́n a fi sin òkú kí ojú má baà tì í níbi tí ó ń lọ. Ìyàtọ̀ kan wà, ó sì ga. Lọ́dọ̀ Lawrence, òkú ni ó ń di ẹrù ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a dì í. Ẹni tí ó ń kú ní ilẹ̀ àjèjì ni, láàrin ènìyàn díẹ̀, ewì rẹ̀ sì sọ òtítọ́ nípa ipò rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹbí ni ó ń di ẹrù òkú. Bí akéwì Yorùbá bá fẹ́ gba ọkọ̀ Lawrence, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu bóyá ẹni tí òun ń ṣọ̀fọ̀ kú láìní ẹni tí yóò bá a di ẹrù. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfiwé náà yóò gún un lọ́kàn gan-an. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni ó ń pa mọ́ ẹbí olóògbé.

Títí dé ibí yìí, ọkọ̀ ẹlòmíràn ni a ti ń yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti wọ ọkọ̀ òkun rí, kì í sì í ṣe nínú àfiwé. Láti Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Wídà ni wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Brazil, Cuba àti àwọn erékùṣù tí ó wà lọ́nà ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé lọ kò tíì kú, síbẹ̀ ilé rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Kò sí òkú láti sin, kò sí ibojì láti da ọtí sí, kò sí ẹni tí yóò mọ ọjọ́ tí a ó ṣe ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ní 1821 ni wọ́n kó ìlú Òṣoògùn, tí wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, ní April 1822 wọ́n sì tì í wọ ọkọ̀ àwọn ará Potogí kan. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Esperança Felix, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ìrètí Aláyọ̀.

Robert Hayden, akéwì aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà, mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Nínú ewì rẹ̀ "Middle Passage", tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1945, orúkọ àwọn ọkọ̀ ẹrú ni ó fi bẹ̀rẹ̀, àwọn orúkọ tí ó ń sọ nípa ìràwọ̀, ìrètí àti àánú. Kò ṣe àlàyé, kò ké rara. Ó kàn to orúkọ náà tẹ̀ léra, orúkọ dídùn sì di ẹlẹ́rìí lòdì sí ẹni tí ó sọ ọ́. Ohùn tí ó pọ̀ jù nínú ewì náà ni ohùn àwọn atukọ̀ àti oníṣòwò ẹrú: ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀, ẹ̀rí nílé ẹjọ́, ìtàn lẹ́nu ẹni tí ó ń ṣòwò náà. Àwọn tí wọ́n dè sí abẹ́ ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, títí ewì náà fi dé orí ọkọ̀ Amistad, níbi tí wọ́n ti dìde ní 1839 gba ara wọn. Ẹ fi ìbéèrè ìyá àgbà bi ewì yìí. Ta ni ó ń tu ọkọ̀? Ọ̀tá ni. Ta ni ó dúró ní èbúté? Ẹbí tí kò mọ̀ pé ọkọ̀ ti lọ. Ǹjẹ́ atọ́kọ̀ kan wà tí a ó rí ojú rẹ̀? Hayden kò ṣèlérí.

Ẹni tí ó bá ti ka èyí, tí ó sì tún fẹ́ kọ ọ́ pé ọkọ̀ kan rọra gbé bàbá òun láti èbúté lọ, yóò dúró díẹ̀ kí kálàmù rẹ̀ tó tẹ ìwé. Nínú èdè wa, ọkọ̀ tí ó gbé ènìyàn lọ láti etíkun kì í ṣe ohun àlàáfíà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Síbẹ̀ ìtàn náà kò parí sí ojú agbami. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Myrmidon, gba ọkọ̀ tí Àjàyí wà nínú rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Freetown. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó di Samuel Crowther, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn bí wọ́n ṣe mú un ní 1837. Ní August 1846, ní Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ tí kò rí i fún nǹkan bí ọdún 25 wá bá a. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn. Ẹ rántí ohun tí Tennyson rò ní èbúté, pé ọ̀rẹ́ òun yóò sọ̀ kalẹ̀ láàrin èrò ọkọ̀, yóò sì na ọwọ́ sí òun. Àlá ni ìyẹn jẹ́ fún Tennyson. Ó ṣẹ sí ìyá Àjàyí lára. Òun nìkan sì kọ́, nítorí ọ̀pọ̀ Sàró àti Àgùdà ni ó ti òkèèrè padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Àwọn tí kò rí ọkọ̀ padà pẹ̀lú kò jọ̀wọ́ ìrètí yìí. Ní Haiti títí di òní, àwọn ẹlẹ́sìn Vodou gbà pé gba abẹ́ omi ni òkú ń padà lọ sí Guinea, ìyẹn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ti kó àwọn baba wọn.

Nítorí náà, àwa ní ọkọ̀ tiwa. Ọkọ̀ náà wúwo ju ti Tennyson lọ, nítorí ó mú ènìyàn lọ láìdágbére. Ó sì ní ohun kan tí ti Tennyson kò ní: ó padà rí. Akéwì Yorùbá tí ó bá fẹ́ fi ìrìn-àjò òkun ṣọ̀fọ̀ ní ọ̀nà méjì níwájú rẹ̀. Bí òkú àgbà ni, tí omi kún, tí ilé kún, kí ó fi ojú ará Èkó tàbí Ìlàjẹ wo èbúté, kí ó sọ orúkọ omi tí ó mọ̀ àti ọkọ̀ tí ó rí, kì í ṣe ti inú ìwé. Bí òkú ọ̀fọ̀ ni, tí ikú já ènìyàn gbà lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ tí ó gbé Àjàyí ń bẹ níbẹ̀, ìyá tí ó dúró fún ọdún 25 sì ń bẹ níbẹ̀. Kí ó gbé ẹkún náà jáde bí ó ti rí, kí ó má fi oòrùn alẹ́ kùn ún ní ọ̀dà. Bí olóògbé kò bá sì mọ òkun rárá, tí ó jẹ́ pé ọ̀nà oko àti ọ̀nà ọjà ni ó tẹ̀ títí ọjọ́ rẹ̀ fi pé, kí akéwì jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn relé. Ọ̀nà náà kò tíì hu koríko.

Ní ti èbúté ògo tí ó wà nínú ìwé ìsìnkú, èmi kò ní kí a yọ ọ́. Inú orin ìsìn ni a ti rí i, ó sì ti tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni gbólóhùn tí gbogbo ayé ń fi tu ara wọn nínú, ọ̀tọ̀ ni ewì. Ẹni tí ó bá pe ara rẹ̀ ní akéwì, kí ó tó gbé òkú ẹni ẹlẹ́ni wọ ọkọ̀, kí ó ti ní ìdáhùn fún ìyá àgbà tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ pósí, tí ó ń béèrè pé ọkọ̀ wo ni, àti pé ta ni ó ń tù ú.